Fúráìpáànù Irin Lodge 10.25: Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ Bí Ẹ Bá Fẹ́ Dín Sitéèkì Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ máa dín sitéèkì nílé, tó fẹ́ kí ojú ẹran pọ́n kó sì máa ta sánsán, kí ó ra páànù yìí, kí ó sì fi owó tó bá kù ra tẹ̀mómítà ẹran. Ìdájọ́ wa nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra páànù irin fún iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n gbọ́ pé irin máa ń pín ooru dọ́gba. Irọ́ ni. Wọ́n tún gbọ́ pé bí iná bá gbóná gidi, ojú ẹran á dì, omi ara rẹ̀ ò sì ní ráyè jáde mọ́. Irọ́ nìyẹn náà. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló tan ìgbàgbọ́ yẹn kálẹ̀, wọ́n sì ti gbé ẹran sórí òṣùwọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n rí i pé omi tó ń jáde lára èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n kò kéré sí ti èyí tí ojú rẹ̀ kò pọ́n. Adùn la ń torí rẹ̀ jẹ́ kí ojú ẹran pọ́n. Páànù ló ni ojú ẹran. Alápatà àti tẹ̀mómítà ló ni inú rẹ̀.

Lodge ń da páànù yìí ní South Pittsburg, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Joseph Lodge ti dá ilé ìdàrin sílẹ̀ ní 1896. Iná jó ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ní 1910, wọ́n sì tún òmíràn kọ́ lọ́dún yẹn. Inú yanrìn tí wọ́n tẹ̀ ní àwòrán páànù ni wọ́n ń da irin yíyọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kò fi dán. Ó ṣe ṣákiṣàki díẹ̀ bí ẹ bá fi ìka rà á. Àwọn kan ń torí ìyẹn bú u, wọ́n ń wá páànù àtijọ́ tí wọ́n fá ojú rẹ̀ dán kiri. Bó bá jẹ́ ti ẹyin díndín, wọ́n lè jàre. Bó bá jẹ́ ti sitéèkì, ojú ṣákiṣàki kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Láti 2002 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fi òróró sóyà sun páànù kí wọ́n tó tà á, nítorí náà dúdú lẹ máa bá a. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ gbé e sórí iná kí ó gbẹ, ó di lílò nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 10.25, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 26, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5. Ṣùgbọ́n ẹnu páànù kọ́ ni ẹran ń jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra tẹ̀ wọlé, nítorí náà ìsàlẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò ju nǹkan bí íǹṣì 8 ààbọ̀ lọ. Sitéèkì kan tó tó gíráàmù 450 yóò jókòó níbẹ̀ dáadáa, tàbí fillet (ẹran rírọ̀ abẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn) kéékèèké méjì. Bí ẹ bá fi mẹ́ta há a, omi ara wọn kò ní ráyè gbẹ, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ dípò kí ó dín. Páànù náà lé ní kìlógíráàmù 2 dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ kúrú, irin ni, ó sì máa ń gbóná débi tí yóò bó èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà sílíkónì tí wọ́n ń kì bọ ọwọ́ páànù, tàbí kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó nípọn dì í mú. Aṣọ tútù kò dára, nítorí omi inú rẹ̀ á di ooru lójú ẹsẹ̀. Etí kékeré tí wọ́n ṣe sí iwájú rẹ̀ wúlò gan-an nígbà tí ẹ bá fẹ́ da ọ̀rá dànù. Ẹnu ìdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéré jù, ọ̀rá máa ń ṣàn tẹ̀lé ara páànù. Èyí ni àléébù tó ń bí wa nínú jù lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ooru, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Alumíníọ́mù máa ń gbé ooru kiri ní bí ìlọ́po mẹ́rin bí irin dídà ṣe ń gbé e. Bàbà ń ṣe é ní bí ìlọ́po méje. Irin lọ́ra. Bí ẹ bá gbé e lé sítóòfù gáàsì tí iná rẹ̀ rí róbótó, ibi tí iná ti ń lá a nìkan ni yóò gbóná, etí rẹ̀ á ṣì tutù. Lórí gáàsì kékeré tí orí rẹ̀ wà lórí sílíńdà gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Èkó àti Ìbàdàn, ìyàtọ̀ àárín àti etí á tún pọ̀ sí i. Ìdí tí a fi ń fẹ́ irin ni pé ó wúwo. Ohun tó bá wúwo tó báyìí máa ń kó ooru púpọ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹran tútù tó tó ìlàjì kìlógíráàmù tí ẹ bá jù sínú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójú ẹsẹ̀ ni yóò mú páànù náà tutù. Omi á wá sun jáde lára ẹran, níwọ̀n ìgbà tí omi bá sì ṣì wà lójú rẹ̀, ojú náà kò lè gbóná ju 100°C lọ. Pípọ́n tó ń mú adùn wá kì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá kánkán àfi tó bá kọjá nǹkan bí 140°C. Páànù irin ní ooru tó tó láti lé omi yẹn lọ, kí ó sì tún ṣẹ́kù èyí tí yóò mú ojú ẹran pọ́n.

Nítorí náà, ẹ má kánjú gbé e gbóná. Iná ààrin, ìṣẹ́jú 8 sí 10, kí ẹ máa yí páànù ní ìdá mẹ́rin ní ìṣẹ́jú méjì méjì kí ìhà kan má baà gba gbogbo iná. Iná ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò dín àkókò kù. Àárín ló ń jó, etí kò mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní oven lè ki páànù bọ inú rẹ̀ ní 230°C fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó wá gbé e sórí sítóòfù. Ọ̀nà yìí ló ń mú un gbóná dọ́gba jù. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó: ẹ ta ẹ̀kán omi kan sí i. Bí omi bá hó, tó tàn ká, tó gbẹ, kò tíì tó. Bí ó bá di róbótó, tó ń sáré kiri ojú páànù láì tètè gbẹ, ó ti tó nǹkan bí 200°C. Ẹ fi tíṣù nu omi tó bá kù kí òróró tó wọ ibẹ̀.

Páànù kò lè tún ẹran tí kò dára ṣe. Sitéèkì tó bá fẹ́lẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, inú rẹ̀ á ti jinná kọjá ààlà kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀ sí 4 ló dára jù fún páànù yìí. Ribeye, ìyẹn ẹran tí wọ́n gé láti ibi eegun ìhà, ni a fẹ́ràn jù, torí ọ̀rá tó fọ́n ká inú rẹ̀ ń dáàbò bò ó bí ẹ bá tiẹ̀ jẹ́ kí ó jinná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fillet rọ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ tó wà lára páálí: ohun tí alápatà Ìlú Ọba ń pè ní sirloin ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní strip, sirloin ti Amẹ́ríkà sì sún mọ́ rump ti Ìlú Ọba, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní àwọn ìsọ̀ ẹran wa ní Peckham ní London, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹran tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ fún ọbẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ẹ sọ fún alápatà ní tààrà bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó nípọn tó.

Ní ọjà nílé, iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀. Àáké ni alápatà fi ń gé ẹran, teegun tẹran, torí ọbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi í sè. Kí ó tó gbé àáké sókè ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀: ẹran gígùn tó sùn ti ọ̀pá ẹ̀yìn, láti orí eegun ìhà dé ìbàdí, ni kí ó yọ fún yín lódidi. Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìdábùú. Ẹran itan lè jọ ọ́ lójú, àmọ́ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni itan, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi í sè. Màlúù funfun elíké tí àwọn Fúlàní ń dà wá láti òkè Ọya ń rìn jìnnà, koríko ló sì ń jẹ, nítorí náà ọ̀rá inú ẹran rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má retí pé yóò yọ́ lẹ́nu bí ẹran màlúù tí wọ́n fi àgbàdo bọ́. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ jinlẹ̀, tí ẹ kò bá sì jẹ́ kí ó kọjá 63°C nínú, yóò ṣeé jẹ dáadáa.

Ohun kan tún wà tó ń ba ẹran ọjà jẹ́ fún sitéèkì: tuntun ni. Fún ọbẹ̀, kò sí bí ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀. Fún páànù, iṣan ẹran yẹn ṣì wà nínú gígan, ó tó ọjọ́ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ fi í sínú fíríìjì tó tutù tó 4°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí iná ìjọba bá ń ṣe ségesège tí kò sì sí ohun tí ẹ lè fi gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹran á bàjẹ́ kí ó tó rọ̀. Nígbà náà, ẹ lè mú ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, kí ẹ rin ín, kí ẹ fi í pa ojú ẹran fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ nù ún kúrò pátápátá. Kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ojú ẹran nìkan ni oje rẹ̀ ń ràn, bó bá sì pẹ́, ojú náà á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kò ní pọ́n mọ́.

Ẹ má bọ ẹran náà ṣáájú o. A mọ̀ pé àṣà wa ni: àlùbọ́sà, táìmù, kọ́rì, mágí, a ó bọ̀ ọ́, a ó wá dín in. Ìyẹn dára fún ẹran ọbẹ̀ tó ní iṣan líle tí omi gbígbóná ń tú. Sitéèkì kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀ láti tú. Omi ara rẹ̀ nìkan ni bíbọ̀ á lé jáde, dídín tó sì tẹ̀lé e á gba èyí tó kù. Mágí náà kò yẹ kí ó kan ẹran yìí kí ó tó wọ páànù. Sítáàṣì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, á sì jó. Bẹ́ẹ̀ ni ata súyà: ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn á di dúdú kíkorò láàárín ìṣẹ́jú kan lórí irin tó gbóná báyìí. Ẹ fẹ́ràn ata súyà? Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bù ú lé ẹran lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ó dùn bẹ́ẹ̀ ju pé kí ó jó lọ.

Iyọ̀ nìkan ló ń wọlé ṣáájú, àkókò rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ kúnná tó fún gíráàmù 500 sí 600. Bí ẹ bá fi iyọ̀ sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹran. Ní ìṣẹ́jú 10 sí 20, ojú rẹ̀ á tutù rin. Ìgbà yẹn ló burú jù láti gbé e sínú páànù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń gbé e. Tó bá tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹran á ti fa omi oníyọ̀ náà padà sínú. Nítorí náà, yálà ẹ fi iyọ̀ sí i ní bí páànù ṣe ń dúró dè é, tàbí kí ẹ fi sí i ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú ó kéré tán. Èyí tó dára jù lọ ni kí ẹ fi iyọ̀ sí i lálẹ́, kí ẹ gbé e lé orí àyangbẹ onírin (ìyẹn wáyà tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá) nínú fíríìjì láì bò ó, kí ó di ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ á gbẹ, ojú tó gbẹ ló sì ń tètè pọ́n. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, ẹ fi tíṣù nù ún kó gbẹ ṣáṣá kí ó tó kan irin.

Òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa ló bá iṣẹ́ yìí mu. Kì í rú èéfín títí yóò fi tó nǹkan bí 230°C. Ṣíbí ìjẹun kan ti tó. Epo pupa á fi adùn ara rẹ̀ bo ti ẹran. Bọ́tà nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ á jó, nítorí èròjà wàrà inú rẹ̀ kò lè gba ooru yìí. Ẹ da òróró sí i, ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá rọra tẹ́ ẹran náà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí iwájú, kí òróró má baà ta sí yín lára. Ẹ fi àmúga tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí gbogbo ojú rẹ̀ lè kan irin. Bí ó bá lẹ̀, ẹ má fà á. Ojú tó bá pọ́n á fúnra rẹ̀ jáwọ́.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń yí sitéèkì. Ẹ yí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Yíyí léraléra ń jẹ́ kí inú ẹran jinná dọ́gba, ó sì tún ń yá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí kò sí ìhà tó ráyè tutù, kò sì sí èyí tó ń jinná kọjá. Sitéèkì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀ sí 4 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 sí 12 lápapọ̀. Láàárín rẹ̀, ẹ fi àmúga gbé e nà ró ní etí ọ̀rá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rá náà lè yọ́. Ọ̀rá tí kò yọ́ kò ṣeé jẹ. Bí èéfín bá ti ń pọ̀ jù, ẹ dín iná kù. Ooru tó wà nínú irin á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, ẹ dín iná kù, ẹ fi bọ́tà gíráàmù 30 sí i, eyín aáyù mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ fọ́, àti ẹ̀ka táìmù tútù bí ó bá wà. Ẹ gbé páànù dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ máa fi ṣíbí bu bọ́tà náà lé ẹran lórí. Níbí ni kìlógíráàmù méjì yẹn ti ń dun ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ bá ń dùn kí ó fi ìdí páànù ti etí sítóòfù, kí ó má gbé e dání.

Tẹ̀mómítà wá ni ọba. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹran láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí ó dé àárín gbùngbùn. Ẹni tó fẹ́ kí inú rẹ̀ pupa rọ̀, 55°C. Ẹni tó fẹ́ kí ó kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, 60 sí 63°C. Ẹni tó fẹ́ kí ó jinná tán, 70°C. Ẹ gbé e kúrò nígbà tó bá ku 3 sí 5°C kí ó tó dé ibẹ̀, torí ooru ojú ẹran á ṣì máa wọ inú rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná. Omi pupa tó ń jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dà jáde níbi tí wọ́n ti pa màlúù. Èròjà kan tó ń pa afẹ́fẹ́ mọ́ sínú iṣan ló ń fún omi yẹn ní àwọ̀. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹran màlúù tí a kò lọ̀ dé 63°C, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ẹran tí ẹ rà ní gbangba ọjà, tí ẹ kò mọ̀ bóyá àyẹ̀wò kan án, ẹ má sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ èyí, nítorí aràn tó lè wà nínú ẹran màlúù kò ní tórí pé ẹran dùn dá èèyàn sí.

Kò sí ìtìjú nínú kí ẹran jinná tán. Púpọ̀ nínú wa ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, páànù yìí náà sì mọ̀ ọ́n ṣe, bí ẹ bá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ dín iná kù dáadáa, kí ẹ máa yí i títí yóò fi dé 66°C. Ohun tó ń sọ ẹran di awọ bàtà ni kí iná ńlá máa jó títí inú fi dé 80°C. Ẹni tó ní oven lè yí gbogbo rẹ̀ padà: oven ní 120°C, ẹran lórí àyangbẹ títí inú rẹ̀ fi tó 10°C sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́, kí ó wá wọ páànù tó gbóná gidi fún ìṣẹ́jú kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí sitéèkì bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbà.

Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ní ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àyangbẹ. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí àwo, ooru á di omi lábẹ́ rẹ̀, ojú tó pọ́n á sì rọ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ da ọ̀rá inú páànù dànù kó ku díẹ̀, ẹ ju àlùbọ́sà kan tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ìdajì ata rodo, ìṣẹ́jú méjì, ẹ da omi ẹran tó tó ìdá mẹ́rin ife sí i, ẹ fi ṣíbí igi ha ìsàlẹ̀ páànù. Gbogbo ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni adùn. Ẹ má lo tòmátì. Kíkan rẹ̀ máa ń jẹ òróró tí wọ́n sun mọ́ irin, ọbẹ̀ náà á sì máa rùn irin. Ọbẹ̀ ata ní ìkòkò tirẹ̀. Kí ẹ tó jẹ ẹran náà, ẹ wo ibi tí ọ̀já rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn iṣan tó tò gbọọrọ nínú rẹ̀, dojú kọ, kí ẹ gé e ní ìdábùú ọ̀já.

Èéfín á rú, kò sí bí a ṣe lè yí i. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní àwọn ilé kótópó ní London tí ẹ̀rọ èéfín ti máa ń ké lórí àjà. Bí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé e. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bani. Ọṣẹ díẹ̀ kò ní pa á lára. Ọṣẹ ayé àtijọ́ tó mú ni wọ́n ń sá fún. Ohun tó ń pa á ni kí ẹ rì í sínú omi mọ́jú. Ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù rin bíi ti Èkó, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láì gbẹ, á dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé e lé iná kí ó gbẹ, ẹ fi òróró pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá fi aṣọ nù ún bí ẹni pé àṣìṣe ni ẹ fi pa á. Òróró tó bá pọ̀ jù kì í gbẹ, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni. Ẹ má da omi tútù sí i nígbà tó gbóná janjan, irin dídà lè là sí méjì. Bí ó bá dógùn-ún, ẹ fi kànìnkànìn onírin ha á títí yóò fi mọ́, ẹ pa á lóróró fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dojú rẹ̀ dé nínú oven ní 230°C fún wákàtí kan, kí ó tutù síbẹ̀.

Ta ni kò yẹ kó rà á? Ẹni tí ọwọ́ bá ń dùn, àti ẹni tó máa ń wọ́ páànù lórí sítóòfù onígíláàsì, torí á ha á. Ẹni tó ń fẹ́ ìkòkò kan fún gbogbo iṣẹ́, títí kan ọbẹ̀ tòmátì, kí ó wá páànù onírin tí kì í dógùn-ún. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ kò lè rọ́pò rẹ̀ fún sitéèkì: ohun tí wọ́n fi bò ó kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 260°C, páànù òfìfo lórí iná ńlá sì lè dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Páànù irin tí kò lórúkọ, tí owó rẹ̀ kéré sí ti Lodge, lè ṣe iṣẹ́ kan náà bí ó bá wúwo tó, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́. Ẹ gbé e lé orí tábìlì nínú ìsọ̀, ẹ tẹ etí rẹ̀, bí ó bá ń mì, ẹ fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Lodge yìí sábà máa ń wà láàárín dọ́là 20 sí 30. Ẹ má torí pé ilé kún ra ti íǹṣì 12 o. Ó sún mọ́ kìlógíráàmù 3 ààbọ̀, orí gáàsì inú ilé kì í sábà tóbi tó láti mú un gbóná dé etí, ẹran tó bá wà létí á sì jáde ní àwọ̀ eérú. Ẹ ra 10.25, kí ẹ dín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lè dúró nínú oven ní 60°C títí èkejì yóò fi ṣe tán.